Ẹni Tó Ni Ewúrẹ́ Ni Kó Fọ Ìtọ̀ Ewúrẹ́

Ewúrẹ́ kì í ṣaláìní olówó lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tà á. Bí alápatà bá mú owó wá, gbogbo agbo ilé ló mọ ẹni tí yóò na ọwọ́ gbà á. Bí wọ́n bá jí i gbé, a mọ ẹni tí yóò figbe ta. Bí ó bá bí ìbejì, a mọ ẹni tí a óò kí kú oríire. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan náà bá tọ̀ sí ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó sì yàgbẹ́ sórí tìmùtìmù àga, kò lólówó mọ́. Ohun tí a óò kàn gbọ́ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò rí bí ilẹ̀ ṣe rí ni? Ẹ wá gbálẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ta kókó. Ẹni tó bá ń sin ẹran nínú ilé ni kí ó máa fọ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ àti lára àga, kí ó sì fọ̀ ọ́ kí ó mọ́, kì í ṣe kí ó fi òórùn mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í pe àgbà lẹ́jọ́. Àmọ́ àwọn àgbà náà ló kọ́ wa pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba gòkè lọ sí Mápó, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹyẹrúnká, yóò mọ bí ilé wa ṣe rí. Agbo ilé ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàárín, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni gbogbo wa ń gbà wọlé tí a ń gbà jáde. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí gba atẹ́gùn, níbẹ̀ ni ọmọdé ń tẹ́ ẹní sí láti kàwé, níbẹ̀ náà ni a ń sùn sí bí ooru bá mú jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ewúrẹ́ tó ti jẹ̀ kiri ìgboro láti àárọ̀ yóò wọlé wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ewúrẹ́ nìkan kọ́. Bí ọdún Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò náà á dé. Adìẹ ń sà sábẹ́ àga. Àwọn tó ń ta èlùbọ́ àti gàrí l'Ọ́jà'ba ń sin ológbò nítorí eku. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sin ajá nítorí olè. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ẹran tí ó bá jẹun yóò tọ̀, yóò sì yàgbẹ́. Ẹran kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àkìtàn àti pálọ̀.

Ó dáa, ta ló ń fọ̀ ọ́? Ẹ wo agbo ilé tó bá wù yín ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Ọmọ tí kò ní ẹran kankan ni ẹ óò bá nídìí ìgbálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ni. Yóò pọn omi, yóò gbá ìgbẹ́ jọ, yóò bu omi sí ojú ibi tó tutù, yóò da Izal díẹ̀ sí i, yóò fi ìgbálẹ̀ gbọ́n omi náà síta, yóò sì sáré lọ wẹ̀ kí wọ́n má baà ti géètì ilé-ìwé mọ́ ọn síta. Gbogbo rẹ̀ kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ní àkókò yìí, ẹni tó ni ẹran ṣì ń sùn, tàbí kí ó ti jí, kí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa nawọ́ sí ibi tí ọmọ náà gbàgbé.

Ẹ má rò pé òórùn náà ń parí sílé. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí wọ́n sọ ní Òbúkọ. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ mọ́, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ ara okùn tí wọ́n ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni aṣọ náà ń sùn, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni àpò ìwé rẹ̀ ń wà láti alẹ́ di àárọ̀. Bí ó bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, àwọn kan á máa fọwọ́ bo imú. Nígbà tó yá, kò dìde dáhùn ìbéèrè mọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyá rẹ̀ kò ní ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Ayálégbé ni wọ́n. Ẹlòmíràn ló ń kó èrè ẹran, ọmọ ayálégbé ló ń jẹ́ Òbúkọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ìtọ̀ ewúrẹ́ lásán-làsàn ni ọmọ yìí wá ń kọ àròkọ lé lórí?" Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtọ̀ náà jẹ́ ná. Nínú ìtọ̀ ẹran ni yúríà wà, irú yúríà tí àwọn àgbẹ̀ ń rà ní àpò àpò fi ṣe ajílẹ̀. Yúríà fúnra rẹ̀ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, gáàsì tí à ń pè ní amóníà yóò sì máa jáde lára rẹ̀. Amóníà yìí ló ń ta wá nímú láàárọ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì wa, pàápàá èyí tó ti sán, ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi mu. Ìtọ̀ tí a kàn bu omi sí lórí kò lọ síbì kankan, ńṣe ló wọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òórùn náà fi ń dínkù nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ gbẹ, tí ó sì tún ń padà dé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ sì mu omi. Kì í ṣe pé ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ síbẹ̀. Ìtọ̀ èṣí ló jí.

Ti adìẹ náà wà bẹ́ẹ̀. Adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀. Funfun tí ẹ ń rí lórí ìgbẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara pákó àti aṣọ bí àtè. Ti òbúkọ tún wá ga jù. Nígbà tí òbúkọ bá ń wá abo, ó máa ń tọ̀ sí irùngbọ̀n àti àyà ara rẹ̀. Ara ògiri tàbí àga tí ó bá fara nù, ó ti fi òórùn rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kò lè fi ìgbálẹ̀ gbá irú èyí.

Nítorí pé iṣẹ́ náà le, ọ̀nà àbùjá ni àwọn àgbà wa yàn. Wọ́n á ra Izal, wọ́n á ra káńfọ̀, wọ́n á sun tùràrí, àwọn tó lówó díẹ̀ á ra èyí tí wọ́n ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ yín bá wọ aṣọ tó dọ̀tí, tí kò fọ̀ ọ́, tó wá da lọ́fíńdà lé e, kí lẹ máa ń sọ fún un? Ẹ ó ní ọ̀bùn ni. Ohun kan náà ni ẹni tó da Izal sórí ìtọ̀ ewúrẹ́ ṣe. Ìtọ̀ wà níbẹ̀, Izal wà lórí rẹ̀, òórùn wá di méjì. Bí Izal bá fi máa fò lọ lọ́sàn-án, ìtọ̀ á ṣì jókòó síbi tó wà.

Èyí tó léwu jù ni ti Hypo àti Jik. Ọmọ tó ń kánjú, tí wọ́n sì ti bú nítorí òórùn, yóò bu Hypo púpọ̀ sórí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa fọ̀ ọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Olùkọ́ Kẹ́místírì èyíkéyìí lè sọ fún yín pé bí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ bá pàdé amóníà, gáàsì olóró ló ń jáde. Ó ń ta ojú, ó ń ta ọ̀nà ọ̀fun, ó ń mú ikọ́ wá, bí ó bá sì pọ̀ níbi tí atẹ́gùn kò sí, ó lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá. Ọmọ tó bá ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Àwọn mìíràn tún ń da Hypo pọ̀ mọ́ Harpic pé kí ó lè lágbára sí i. Ìyẹn tún burú jùyẹn lọ, nítorí gáàsì klórínì ni yóò jáde, irú èyí tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Mo bi yín, ṣé iṣẹ́ tó yẹ kí a fi lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ nìyí, kí ẹni tó ni ẹran máa wòran?

Ológbò ní tirẹ̀ ní ewu mìíràn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní toxoplasma tí ó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lọ́jọ́ tí ológbò yàgbẹ́ náà, kòkòrò yìí kò tíì lè ran ènìyàn. Ó máa ń lò tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó gbó. Bí ẹni tó ni ológbò bá kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì fọ ọwọ́, ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Bí ó bá fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí "àwọn ọmọ" yóò fi rí i lábẹ́ àga, ó ti pẹ́ jù. Aboyún kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kó o. Ìgbẹ́ ajá náà a máa ní ẹyin aràn tí ó lè wọ ara ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irú èròjà tó wà nínú Izal àti Dettol kò dára fún ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára láti gbá irú oògùn bẹ́ẹ̀ jáde kúrò lára, ológbò a sì máa fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ tí ó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń da Izal kiri nítorí ológbò rẹ̀ ń pa ológbò náà lára.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a fọ̀ ọ́? Kò gba owó ńlá, àkókò àti agbára ló ń gbà. Bí ìtọ̀ bá ṣì tutù, a ó kọ́kọ́ bu iyanrìn gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lé e, kí ó fà á mu, kí a tó gbá a kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó fi omi tútù àti ọṣẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ojú ibẹ̀, a ó sì fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn èyí, a ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, a ó dà á síbẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, nítorí omi kíkan ló ń ká amóníà lọ́wọ́ kò tí kò fi ní lè fò sókè wá sí imú wa. A ó wá tún fi omi ṣàn án, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ibi tí a bá ti lo omi ọsàn, a kò gbọ́dọ̀ da Hypo sí i.

Ti àga àti rọ́ọ̀gì tún yàtọ̀. A kì í fi àkísà ra ìtọ̀ mọ́ tìmùtìmù, nítorí bí a bá ṣe ń rà á ni ó ń wọnú sí i. Ńṣe ni a ń fi àkísà gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè fà á jáde. A ó yọ aṣọ tìmùtìmù, a ó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, a ó fi omi ọṣẹ fọ fóòmù inú rẹ̀, a ó fún un, a ó sì sá a sóòrùn ní ojú méjèèjì títí yóò fi gbẹ dénú. Fóòmù tí kò bá gbẹ dénú yóò tún rùn. Omi gbígbóná kò dára fún irú àbàwọ́n yìí, nítorí ó lè mú kí ó mọ́ aṣọ lára. Bí ilẹ̀ bá sì ti sán, kò sí ọṣẹ tó lè wọ ojú sísán náà dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ni ẹran ni kí ó pe bíríkìlà kí ó fi sìmẹ́ǹtì dí i.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ibì kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ kò lè gbà tó dín ní ìdajì wákàtí bí a bá fẹ́ kí ó mọ́. Tìmùtìmù kan á gba odidi ọjọ́ pẹ̀lú oòrùn tó mú. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ wà nílé-ìwé ní agogo méje ààbọ̀ kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló ní, ogún ìṣẹ́jú kò sì lè ṣe ju kí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé, ẹ ti gbà pé kí ilé máa rùn.

Ohun tí mo ń bèèrè fún kì í ṣe àṣà òyìnbó. Ó ti wà nínú àṣà tiwa. Bí ewúrẹ́ bá wọ ilé ẹlòmíràn, tí ó jẹ èlùbọ́ tí wọ́n sá, ta ni wọ́n ń pè? Ṣé àwọn ọmọ tó wà nítòsí ni? Rárá o. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè, òun ni yóò sì bẹ ẹlẹ́lùbọ́ tàbí kí ó san owó rẹ̀. Kò sí Mọ́gàjí kankan ní Ìbàdàn tí yóò dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ pé kí ọmọ ayálégbé san owó èlùbọ́. Bí ewúrẹ́ bá fi ẹnu bà nǹkan jẹ́, olówó rẹ̀ ló ń sanwó. Kí ló dé tó bá fi ìdí bà á jẹ́ tí ẹjọ́ fi yí padà?

Àwọn ìlú ńlá lókè òkun ti gba ọ̀rọ̀ yìí débi pé wọ́n fi ṣòfin. Ní ìlú New York, láti oṣù Kẹjọ ọdún 1978 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá mú ajá rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ ajá náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1996 pé ẹni tí ajá rẹ̀ bá yàgbẹ́ sí ibi tí òfin náà dé, tí kò sì kó o, yóò san owó ìtanràn. Ẹ ó rí i pé òfin méjèèjì kò dárúkọ ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n bá wí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ìlú wọ̀nyẹn tí wọ́n ń sin ajá ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kó o sínú ọ̀rá. Ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe lọ́hùn-ún, ó yẹ kí ọwọ́ tiwa náà lè ṣe é ní Bẹẹrẹ.

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tí kò fara mọ́ èrò mi. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ ilé ló ń kọ́ ọmọ, ọmọ tí kò bá gbálẹ̀ yóò ya ọ̀lẹ. Mo gbà. Kò sí ọmọ tó yẹ kí ó kọ̀ láti gbálẹ̀ ilé tó ń gbé. Àmọ́ kí ọmọ gba ilẹ̀ ilé yàtọ̀ sí kí ó máa ṣe ẹrú ẹran ẹlẹ́ran. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹlẹ́ran bá òbí rẹ̀ fọ̀ ọ́, kí àwọn méjèèjì jọ di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Apá tó kan ọmọdé nínú òwe yìí ni wọ́n máa ń rántí jù. Iṣẹ́ tí èwe náà bá bẹ àgbà, kí àgbà má kọ̀ ọ́.

Èkejì ni pé ewúrẹ́ ló ń san owó ilé-ìwé. Òtítọ́ ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọ̀pọ̀ ìyá ní àdúgbò wa, ewúrẹ́ ni báńkì wọn. Bí owó ìdánwò WAEC bá dé, wọ́n á tú okùn ẹran, wọ́n á fà á lọ sọ́jà. Ẹ̀yin ìyá wa, a dúpẹ́, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹran kú mọ́ yín lọ́wọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sin ẹran. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí èrè bá jẹ́ tirẹ̀, kí wàhálà náà jẹ́ tirẹ̀. Ewúrẹ́ tó san owó ilé-ìwé ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ mìíràn pẹ́ dé ilé-ìwé.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn baba ńlá wa bá ewúrẹ́ gbé, kò sì pa wọ́n. Ẹ wò ó, ilé wọn kò rí bí tiwa. Àgbàlá wọn fẹ̀, ilẹ̀ wọn jẹ́ amọ̀, àwọn ìyá wa àgbà a sì máa fi ọwọ́ ara wọn pa ilẹ̀ náà kí ó lè dán. Wọn kò ní fóòmù, wọn kò ní rọ́ọ̀gì tí ìtọ̀ yóò farapamọ́ sí. Lónìí, a ti kọ́ yàrá sí gbogbo àgbàlá, a kó ayálégbé sí i, ewúrẹ́ kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́ àfi ẹsẹ̀ wa. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àgbà fúnra wọn ló ń sọ ìtàn wolé-wolé fún wa, bí wọ́n ṣe ń wọ agbo ilé kiri láyé ìjọba òyìnbó, tí wọ́n ń yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹ̀gbin, baálé ilé ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ọmọ tó gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìdọ̀tí kò bá ń pa ènìyàn, kí ni wolé-wolé wá ń wá?

Àwa ará Ìbàdàn ló yẹ kí a mọ̀ jù ohun tí ìdọ̀tí tí kò lólówó lè fà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé, ó gbé ènìyàn, ó gbé dúkìá. Òjò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí oníkálukú ti dà sínú odò wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Kò sí ẹnì kankan tó lè nàka sí pàǹtírí tirẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbin gbogbo ènìyàn kì í ní ẹni tí yóò kó o. N kò fi ìtọ̀ ewúrẹ́ wé omíyalé, àmọ́ ìwà tó bí méjèèjì, ọ̀kan náà ni.

Ìmọ́tótó àyíká ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí a ti ń ṣe láti ìgbà ìjọba ológun, kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Gọ́tà ni à ń kó lọ́jọ́ náà, ewúrẹ́ kì í sì dúró di òpin oṣù kí ó tó tọ̀.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́rin tí mo fẹ́ kí a ṣe. Ìkíní, kí baálé ilé àti Mọ́gàjí pe ìpàdé agbo ilé, kí wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé olúkúlùkù ni yóò máa fọ ẹ̀gbin ẹran rẹ̀ kí ọmọ ilé-ìwé tó jí. Ìkejì, kí ẹni tó ní ju ewúrẹ́ méjì lọ kan ọgbà fún wọn sí ẹ̀yìnkùlé tàbí kí ó so wọ́n mọ́ èèkàn lóru, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè jẹ́ ti ènìyàn. Ìkẹta, kí ẹlẹ́ran fi owó ara rẹ̀ ra búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti garawa, kí ó má lo ti ayálégbé. Ìkẹrin, kí Hypo àti Harpic kúrò lọ́wọ́ ọmọdé pátápátá.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Bí ọmọ kan bá pẹ́ dé, tàbí tí aṣọ rẹ̀ ń rùn, kí ẹ tó na ẹgba, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ti fọ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ yé pe ọmọ ọlọ́mọ ní Òbúkọ. Òbúkọ wà nílé, ó sì ní olówó.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀yin òbí wa tó ń sin ẹran, láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó pe ọmọ kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé garawa.